Ọ̀bẹ Ẹlẹ́nu Àṣá: Bí A Ṣe Ń Yàn Án àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó



Nínú iṣẹ́ kíkó ohun èlò àtijọ́ jọ tí a ń ṣe ní Àjàṣẹ́, ìdílé kan gbé àpótí irinṣẹ́ bàbá wọn tó ti di olóògbé wá fún wa. Àdá wà nínú rẹ̀, ọkọ́ wà níbẹ̀, òòlù wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ àpótí náà ni a ti bá ọ̀bẹ kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ wọnú bí ẹnu àṣá, tí a sì lè ká sínú èèkù rẹ̀. A béèrè orúkọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọmọ dáhùn kíá pé, "Serpette ni." A ní kí ni bàbá àgbà máa ń pè é? Gbogbo ilé dákẹ́. Ìyá àgbà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló wá sọ pé, "Dòjé àpò ni bàbá yín ń pè é. Òun ló fi ń tún ẹ̀ka ọsàn ṣe kó tó lọ́ ọ."

Ìdí kìíní nìyẹn tí a fi kọ àpilẹ̀kọ yìí. Bí orúkọ ohun èlò kan àti ọgbọ́n lílò rẹ̀ bá ti lọ, irin lásán ló kù, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ló sì máa já sí. Ìdí kejì ni pé ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa mú irú ọ̀bẹ yìí láti gé okùn lọ́jọ́ tí a ń palẹ̀ ayẹyẹ kan mọ́, ó sì fi gé àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ọ̀bẹ náà kò burú. A kò kọ́ ọ bí a ṣe ń lò ó ni.

Orúkọ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, "ọ̀bẹ ẹlẹ́nu àṣá" ni a óò máa pè é, kí gbogbo ẹni tó bá kà á lè mọ ìrísí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n nínú èdè wa. Àkọ́kọ́ ni dòjé, ohun èlò ìkórè tó tẹ̀ bí oṣù tuntun. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá yóò bá a pàdé nínú orí 14 ìwé Ìfihàn. Èkejì ni akọ́rọ́, irin tó tẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fi sórí ọ̀pá gígùn láti fi fa èso tó wà lókè wálẹ̀. Ọ̀bẹ tí à ń sọ yìí ni àbúrò wọn tó kéré jù, tó ṣeé fi sápò.

Àwọn ará Faransé ń pè é ní serpette. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kàwé lédè Faransé rò pé inú serpent, ìyẹn ejò, ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé ọ̀bẹ náà tẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú serpe ló ti wá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Látìnì kan tó túmọ̀ sí kí a gé ẹ̀ka igi. Columella, ará Róòmù tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa, to àwọn ẹ̀yà ara ọ̀bẹ àwọn olùtọ́jú àjàrà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì pe apá ibi tó tẹ̀ ní rostrum, ìyẹn ẹnu ẹyẹ. Ó yà wá lẹ́nu pé ibi tí ojú àwọn ará Róòmù lọ náà ni ojú wa lọ. Ní apá Indonéṣíà àti Màléṣíà, wọ́n ní karambit, tí òun náà tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ronú kan ọ̀bẹ yìí.

Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi tẹ̀?

Ẹ mú ọ̀bẹ títọ́, kí ẹ fi gé okùn tó ń mì. Okùn náà yóò máa yọ̀ lọ síwájú títí yóò fi bọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀bẹ. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá tẹ̀ wọnú, okùn kò ní ibi tí yóò sá lọ. Bí a ṣe ń fà á bọ̀ ni okùn ń wọ inú kọ̀rọ̀ ọ̀bẹ lọ, níbẹ̀ ni yóò sì gé sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ yìí fi jẹ́ ọ̀bẹ fífà. Ọ̀bẹ ìdáná la máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, àdá la máa ń gbé sókè sọ, ṣùgbọ́n èyí, fífà ni.

Ohun tó bá rọ̀, tó ń mì, tàbí tó rí róbótó ló dára fún jù: okùn, ìtàkùn, igi ẹ̀fọ́, ẹ̀ka kékeré, ìkó, màrìwò. Àwọn obìnrin àti ọkùnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ lè fi gé tẹ̀tẹ̀ àti èfìnrín kí ìdí rẹ̀ má fà tu, kó lè tún rú. Apẹja lórí ọ̀sà lè fi gé okùn àwọ̀n tó lọ́ pọ̀. Àwọn tó ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti àwọn tó ń bó èèpo wáyà iná náà ń lo irú rẹ̀. Kò dára fún gígé ẹran tàbí bíbó iṣu, nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í tẹ́ sórí pákó. Ìdì ẹyin ọ̀pẹ náà kọjá agbára rẹ̀; dòjé ńlá orí ọ̀pá tàbí àdá ló ni iṣẹ́ yẹn.

Bí a ṣe ń yàn án

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe tẹ̀ tó. Èyí tó tẹ̀ gan-an bí ìkọ́ dára fún okùn àti ìtàkùn. Èyí tó tẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ fi ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ yẹ kó rà, ó sì rọrùn láti pọ́n. Bí ṣóńṣó rẹ̀ bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, kíkán ni yóò kán.

Ẹ wo èèkù lẹ́yìn náà. Nítorí pé fífà là ń fa ọ̀bẹ yìí, ìdí èèkù rẹ̀ gbọ́dọ̀ wú tàbí kó tẹ̀ díẹ̀ kí ọwọ́ tó tutù má baà yọ̀ kúrò. Èèkù tó rí gbọrọ bí igi lẹ́ẹ̀dì kò yẹ ẹ́.

Ní ti irin, oríṣi méjì ló wà. Irin tó ń dípẹtà máa ń mú gan-an, ó sì rọrùn láti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Irin tí kì í dípẹtà dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá omi, àmọ́ pípọ́n rẹ̀ ń gba sùúrù. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa máa ń fi irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, èyí tí à ń pè ní lame de ressort, rọ ọ̀bẹ àti àdá. Irin tó dára ni, bí alágbẹ̀dẹ bá mọ bí yóò ṣe mú un gbóná tó kó tó rì í. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n, ẹ fi fáìlì nu ẹnu ọ̀bẹ náà díẹ̀. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, irin náà rọ̀ jù.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí a ń ká, ẹ wo ohun tó ń dì í mú. Ilé iṣẹ́ Opinel ti agbègbè Savoie ní Faransé, tó ti ń ṣe ọ̀bẹ láti ọdún 1890, ń ṣe serpette. Òrùka kan wà lọ́rùn ọ̀bẹ wọn, tí wọ́n ti ń lò láti ọdún 1955. Bí a bá yí i, ọ̀bẹ kò lè ká mọ́ ẹni lọ́wọ́. Ọ̀bẹ tó ní irú ohun ìdè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ yàn, ẹ̀rọ tàbí alágbẹ̀dẹ yòówù kó ṣe é.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ ara wa ni ọ̀bẹ yìí ń bọ̀. Nítorí náà, kí a tó fà á, kí a bi ara wa pé: bí ohun tí mò ń gé bá já lójijì, ibo ni ọ̀bẹ yóò balẹ̀ sí? Bí ó bá jẹ́ itan, ikùn tàbí ọwọ́ kejì, kí a yí ìdúró padà. Àtàǹpàkò tí a gbé dúró níwájú ẹnu ọ̀bẹ láti fi ti okùn lẹ́yìn ló fa ọgbẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tí a sọ lókè. Ọwọ́ kejì gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí a ń gé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbọdọ̀ sí lójú ọ̀nà ọ̀bẹ. Kí a fà á díẹ̀díẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ẹni tó bá ní láti fi gbogbo èjìká fà á, ọ̀bẹ rẹ̀ kò mú ni, tàbí ohun tó ń gé ti tóbi jù.

Ewu kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Nígbà tí a bá ń fa ọ̀bẹ, ohun tí a ń gé ń tì í kí ó ṣí sí i, nítorí náà kì í ká. Ṣùgbọ́n bí ó bá há sínú igi, tí a wá ń tì í padà, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni agbára ń bọ́ sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀bẹ tí kò ní ìdè ti máa ń ká lé ìka lórí. Bí ó bá há, ẹ má tì í. Ẹ tẹ ẹ̀ka náà kí ojú tí a gé lè là, kí ẹ rọra yọ ọ́. Ẹ má fi ṣóńṣó rẹ̀ ṣí agolo, ẹ má sì yí i nínú igi.

Bí ẹ bá ń ti ìdí igi ọsàn kan bọ́ sí òmíràn, ẹ fi omi Javel tí a bu omi là nu ẹnu ọ̀bẹ, nítorí pé àwọn àrùn ọsàn kan wà tí ọ̀bẹ ń gbé kiri. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣàn án, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á, nítorí Javel ń jẹ irin.

Pípọ́n rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kò sì lè pọ́n ara rẹ̀ pẹ̀lú. Òkúta pẹlẹbẹ tí à ń fi pọ́n ọ̀bẹ ìdáná kò lè wọ inú kọ̀rọ̀ èyí. Ṣóńṣó àti ìdí nìkan ni yóò máa jẹ, tí ọ̀bẹ yóò fi di títọ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. A rí ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àtijọ́ tí wọ́n bà jẹ́ báyìí.

Ohun róbótó ló yẹ ẹ́. Ẹ wá igi kan tó tóbi tó ìka, kí ẹ yí papier verre tó kúnná mọ́ ọn, tàbí kí ẹ lo etí òkúta tó ti dán. Fáìlì róbótó tí àwọn oníṣẹ́ irin ń pè ní queue de rat, ọ̀bẹ tó ti kújú pátápátá ni kí ẹ fi í fún. Láti ìdí dé ṣóńṣó ni kí ẹ máa pọ́n ọn, ní ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà, láì tẹ̀ ẹ́ jù. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ sí òdìkejì. Ìka lè fura sí i. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á rẹ́. Bí ó bá lè gé ìwé láì ya á, ó ti tó.

Gbígbé e kiri

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣọ́ra. Lábẹ́ òfin ọdún 1988 tiwọn, ọ̀bẹ kíká tí ẹnu rẹ̀ kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ, tí kò sì ní ìdè, ni a lè gbé ní ìgboro láìní ìdí pàtàkì. Ìdè tí a ní kí ẹ wá nítorí ìka yín ló ń mú un bọ́ sábẹ́ òfin náà. Nítorí náà, inú oko tàbí ibi iṣẹ́ ni kó máa wà. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí a fi sí ìsàlẹ̀ ni àyè rẹ̀.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún

Bí irú ọ̀bẹ yìí bá wà nílé yín, ní Àjàṣẹ́, ní Sakété, ní Pobè, ní Kétu tàbí níbikíbi, ẹ má tà á fún àwọn oní-irin àlòkù kí ẹ tó ya àwòrán rẹ̀ fún wa. Ẹ kọ orúkọ tí ilé yín ń pè é, iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe, àti ọwọ́ tí ẹni tó ni ín fi ń lò ó, bóyá ọ̀tún tàbí òsì, nítorí pípọ́n rẹ̀ máa ń fi èyí hàn. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn bàbá nìkan. Nínú ilé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ìyá àgbà nìkan ló kù tó mọ orúkọ náà.