Nígbà Tí Íntánẹ́ẹ̀tì Bá Ń Já Nínú Ilé

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá aránṣọ kan ní Mowe ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí i láti Èkó lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń fi íntánẹ́ẹ̀tì kan náà kàwé fún ìdánwò JAMB. Nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ wọ́n lára tán, íntánẹ́ẹ̀tì á já. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, á padà wá. Kò ní pẹ́, á tún já.

Inú bí ìyá yìí. Ó ní, "Ráútà yìí ti bàjẹ́." Ó mú nínú owó ilé-ìwé tí ó fi pamọ́, ó fi ra ráútà tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, tuntun náà tún já. Owó ti lọ, wàhálà kò lọ.

Kí ni àṣìṣe ìyá yìí? Ó ra oògùn kí ó tó mọ àrùn.

Ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Ráútà ni àpótí kékeré tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ìta, tí ó sì ń pín in fún fóònù àti kọ̀ǹpútà inú ilé. Ní ọ̀pọ̀ ilé, síìmù ni a ń fi sínú rẹ̀, bí a ti ń fi í sínú fóònù.

Ẹ̀yin ará Mowe àti Ibafo mọ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn dáadáa. Bí àlejò yín kò bá tètè dé láti Èkó, ó lè jẹ́ títì ńlá ni ó dí. Ó lè jẹ́ ọ̀nà àdúgbò yín ni ẹrẹ̀ kún. Ó sì lè jẹ́ ẹnu géètì yín ni ó wà, tí ẹnikẹ́ni kò ṣílẹ̀kùn fún un. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti íntánẹ́ẹ̀tì rí. Ọ̀nà rẹ̀ pín sí mẹ́ta.

Èkíní, ó ń gba inú wáyà lábẹ́ òkun láti òkè òkun wá sí Èkó, títí dé òpó gíga ti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Èkejì, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ láti orí òpó náà wá sínú ráútà. Ẹ̀kẹta, ó ń gba inú afẹ́fẹ́ láti ara ráútà sínú fóònù yín. Èyí ni a ń pè ní Wáìfáì. Iná mànàmáná sì ni oúnjẹ ráútà. Bí kò bá jẹun, kò lè ṣiṣẹ́.

Ibi yòówù kí ọ̀nà ti já, ohun kan náà ni a ó rí lójú fóònù. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣì í mú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹ́kun ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ra ráútà tuntun nítorí èyí, ó fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Bí a ṣe lè mọ ibi tí ó ti já

1. Ẹ wo àwọn iná wínníwínní tí ó wà lára ráútà. Bí gbogbo wọn bá kú pọ̀, tí wọ́n sì tún tàn, iná mànàmáná ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ pé iná lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnu wáyà kò dúró dáadáa nínú sókẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún wo ṣájà rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 12V sára ráútà, 12V ni ó gbọ́dọ̀ wà lára ṣájà. Ẹ má ṣe fi ṣájà ohun mìíràn dípò rẹ̀.

2. Ẹ fọwọ́ kan ráútà. Ṣé ó gbóná jù? Àwọn kan a máa fi aṣọ tó rẹwà bò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ooru kò ní ibi tí yóò gbà jáde, ẹ̀rọ náà á sì pa ara rẹ̀. Ẹ ká aṣọ náà kúrò.

3. Ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ dúró ti ráútà. Bí kò bá já níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń já nínú yàrá ẹ̀yìn, a jẹ́ pé Wáìfáì ni kò lágbára dé ibẹ̀. Ògiri ni ó ń dí i. Ẹ gbé ráútà sókè, sí àárín ilé. Ẹ má ṣe gbé e sẹ́yìn fíríìjì tàbí sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Bí ráútà yín bá ní Wáìfáì oríṣi méjì, 2.4 ni ó máa ń rìn jìnnà. 5 yára ju u lọ, ṣùgbọ́n ògiri tètè máa ń dá a dúró.

4. Bí ó bá ń já níwájú ráútà pàápàá, tí gbogbo iná ara rẹ̀ kò sì kú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá dátà ti tán. Bí kò bá tán, ẹ wá fóònù tí síìmù rẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ pa Wáìfáì rẹ̀, kí ẹ lò ó níbẹ̀. Bí òun náà bá ń já, ìta ni àrùn wà. Ẹ gbé ráútà lọ sẹ́bàá fèrèsé tí ó kọjú sí òpó. Bí fóònù náà kò bá já rárá, nígbà náà ni kí ẹ fura sí ráútà fúnra rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ ka ení, èjì, títí dé ọgbọ̀n, kí ẹ tó tún tàn án.

Ìwé àti lẹ́ẹ̀dì

Irinṣẹ́ tó dára jù kò wọ́n. Ìwé kékeré àti lẹ́ẹ̀dì ni. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, a máa ń kọ àkókò tí ọkọ̀ dé sílẹ̀. Àwọn àgbà Ifo mọ èyí. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún íntánẹ́ẹ̀tì yín fún ọjọ́ méje. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ jẹ́ kí ó wúlò fún yín.

Ìyá aránṣọ wa kọ ọ́ báyìí:

Ọjọ́ Ajé, aago 7 alẹ́. Gílóòbù pọ́n. Iná ráútà kú pátá.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7 kọjá ìṣẹ́jú 10. Bákan náà.
Ọjọ́rú, ọ̀sán. Òjò rọ̀. Kò já.
Ọjọ́bọ̀, aago 7 alẹ́. Gílóòbù pọ́n. Ó tún kú.

Ọmọ rẹ̀ kà á, ó ní, "Mọ́mì, iná ni o! Alẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan ni iná ń lọ sílẹ̀." Wọ́n ra bátìrì kékeré tí a ṣe fún ráútà, tí 12V wà lára rẹ̀. Wọ́n dá ráútà àtijọ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò já ní aago 7 mọ́. Ìyá ta tuntun fún aládùúgbò rẹ̀, ó sì dá owó rẹ̀ padà sínú owó ilé-ìwé, bí ó tilẹ̀ dín díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé ìta ni àrùn wà, ìwé yìí yóò ṣì wúlò. Bí ẹ bá pe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, wọn yóò béèrè pé, "Láti ìgbà wo ni? Aago mélòó?" Ẹni tí ó bá ní, "Ó kàn ń já ṣáá ni," kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tí ó ka ọjọ́ àti aago fún wọn ti fi ibi tí wọn yóò wò hàn wọ́n.

Ìbéèrè

1. Ọ̀nà mẹ́ta wo ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà kí ó tó dé inú fóònù?
2. Bí gbogbo iná ara ráútà bá kú pọ̀, kí ni a ó kọ́kọ́ fura sí?
3. Kí ni ìyá aránṣọ ìbá ti ṣe kí ó tó ná owó ilé-ìwé?