Ẹni Tó Lé Eku Méjì: Àǹfààní àti Ewu Ṣíṣe Iṣẹ́ Púpọ̀ Pọ̀ Lẹ́ẹ̀kan Náà

Bí ẹ bá ń ka ìpolówó iṣẹ́ lóde òní, yálà ti ilé ìfowópamọ́, ti ilé ìwòsàn aládàáni tàbí ti ilé-iṣẹ́ kékeré tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, gbólóhùn kan kì í wọ́n níbẹ̀: wọ́n ń wá ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í jáfara, yóò kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ pé òun lè ṣe é. Èmi náà ti kọ irú rẹ̀ rí. Ohun tí a kì í sábà bi ara wa ni pé, kí ni wọ́n ń béèrè gan-an? Ṣé ẹ̀bùn ni, àbí ẹrù?

Àwọn àgbà wa sọ ọ̀rọ̀ méjì tó jọ pé wọ́n ta ko ara wọn. Wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Wọ́n tún ní ẹni tó bá lé eku méjì yóò pa òfo. Lójú tèmi, òtítọ́ ni méjèèjì. Ibi tó yẹ kí a ti lo ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, multitasking, kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó fún. Ní nǹkan bí ọdún 1965 ni ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ń lò ó láti ṣàlàyé ohun tí kọ̀ǹpútà wọn, System/360, lè ṣe. Kọ̀ǹpútà tó ní ọpọlọ kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ ní ti gidi. Yóò ṣe díẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, yóò fi í sílẹ̀, yóò bọ́ sí èkejì, yóò tún padà, ṣùgbọ́n ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń wò ó kò ní mọ ìgbà tó kúrò lórí ọ̀kan. Kí ó tó kúrò, yóò fi ibi tó dé pamọ́ láìku nǹkan kan. Ibẹ̀ ni àwa àti ẹ̀rọ ti yàtọ̀. Bí wọ́n bá pè wá lẹ́yìn nígbà tí a ń ka owó, ó di dandan kí a bẹ̀rẹ̀ kíkà náà látòkè.

Àǹfààní rẹ̀ kò kéré

Ẹ lọ sí ìsọ̀ ìyá olóúnjẹ kan láàárọ̀. Ẹ̀wà ń hó lórí iná. Ìyá ń gé àlùbọ́sà, ó ń kí oníbàárà, ó sì ń sọ fún ọmọ tó ń fọ abọ́ pé kí ó yára. Iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tó bàjẹ́. Ìdí ni pé iná ni ẹ̀wà nílò ní àkókò náà, kò nílò ọkàn ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ àlùbọ́sà gígé láti ọdún pípẹ́. Bí ó bá ní kí ẹ̀wà jinná tán kí òun tó mú ọ̀bẹ, ọ̀sán yóò pọ́n kí ẹnikẹ́ni tó jẹun.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ́fíìsì. Kò sí ìdí tí ènìyàn fi gbọ́dọ̀ káwọ́ gbera nígbà tí ẹ̀rọ ń tẹ ìwé jáde tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò yá ń gbé fáìlì ńlá lọ. Ẹni tó bá fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ to ìwé tàbí tún tábìlì ṣe, ó fi ọgbọ́n ṣe é. Ó tún ń ran ilé-iṣẹ́ kékeré lọ́wọ́, níbi tí agbára kò tíì ká àtigba òṣìṣẹ́ púpọ̀. Fún ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mímọ oríṣiríṣi iṣẹ́ jẹ́ ohun ìní tí ẹnikẹ́ni kò lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi ìyàtọ̀ síbẹ̀: mímọ iṣẹ́ púpọ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ṣíṣe gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú kan náà.

Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ wa

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ méjèèjì bá jẹ́ èyí tó nílò ọkàn. Ní ọdún 2001, Joshua Rubinstein, David Meyer àti Jeffrey Evans gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé gbogbo ìgbà tí ènìyàn bá ti inú iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn ni àkókò ń ṣòfò, àti pé bí iṣẹ́ náà bá ṣe le tó ni òfò náà ṣe ń pọ̀ tó. Ní ọdún 2009, Sophie Leroy fi hàn pé bí a bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí, apá kan nínú ọkàn wa máa ń ṣẹ́kù sídìí rẹ̀. Ara ti dé ibi iṣẹ́ tuntun, ọkàn kò tíì dé.

Gloria Mark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun mìíràn ní ọdún 2008. Àwọn tí wọ́n ń dí lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ tètè parí ju àwọn tí wọn kò dí lọ́wọ́ lọ, nítorí pé wọ́n fi ìkánjú dí àkókò tó sọnù. Ṣùgbọ́n wàhálà ọkàn àti ìrora wọn pọ̀ sí i. Bóyá ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń délé ní ìrọ̀lẹ́, tí ó ti rẹ̀ wá tẹnutẹnu, tí a kò sì lè tọ́ka sí iṣẹ́ kan tí a parí.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Èmi ò rí bẹ́ẹ̀, ó ti mọ́ mi lára.” Ní ọdún 2010, Jason Watson àti David Strayer dán 200 ènìyàn wò. Wọ́n ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ nínú ẹ̀rọ ìdánwò, kí wọ́n sì máa yanjú ìbéèrè lórí fóònù. Ènìyàn márùn-ún péré ni iṣẹ́ wọn kò yingin. Ẹ̀bùn náà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ní in kò pọ̀ tó àwọn tó rò pé àwọn ní in.

Níbi tí àṣìṣe ti ń di ọ̀ràn ẹ̀mí

Ní ìlú Sydney ní Australia, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì 98 ní ilé ìwòsàn méjì bí wọ́n ṣe ń pín oògùn. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2010, ó sì fi hàn pé bí wọ́n bá ṣe ń dí nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ tó lásìkò tó ń fún aláìsàn ní oògùn ni àṣìṣe rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Àwọn awakọ̀ òfuurufú ti fi ẹ̀jẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ òfuurufú kan já nígbà tó ń múra àtibalẹ̀ ní ìlú Charlotte ní Amẹ́ríkà, ènìyàn tó lé ní 70 sì kú. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé àwọn awakọ̀ náà ń tàkúrọ̀sọ lórí ọ̀rọ̀ tí kò kan iṣẹ́, wọn kò sì fọkàn sí bí ọkọ̀ ṣe sún mọ́ ilẹ̀ tó. Ní ọdún 1981, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé bí ọkọ̀ bá wà nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ohunkóhun tí kò bá kan ààbò ọkọ̀. Irú èrò yìí náà ló wà nídìí òfin wa ní Nàìjíríà tó ka fífi fóònù sọ̀rọ̀ lórí ìwakọ̀ léèwọ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ ẹni méjì bá di ti ẹnì kan

Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló ń gba àlejò. Òun náà ló ń gbé fóònù, òun ló ń dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí WhatsApp. Nígbà tí akápò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀gá kò gba ẹlòmíràn. Ó kó ìwé owó fún un. Nígbà tí oṣù parí, iye inú ìwé kò bá ti báńkì mu. Wọ́n yọ iye tó dín kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè iye ìgbà tí fóònù dún nígbà tó ń ka owó.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ó yẹ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí gbólóhùn inú ìpolówó iṣẹ́ náà ń bò mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn kò fẹ́ san owó ẹnì kejì.

Kí ni kí òṣìṣẹ́ ṣe?

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ pín iṣẹ́ yín sí méjì: èyí tó nílò ọkàn, àti èyí tí ọwọ́ lè dá ṣe. Ẹ lè so èkejì mọ́ ohunkóhun. Ẹ má ṣe so méjì nínú èyí àkọ́kọ́ pọ̀.

Bí ẹ bá ń ka owó, tí ẹ ń ṣírò, tàbí tí ẹ ń fún aláìsàn ní oògùn, ẹ pa ohùn fóònù, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó wà nítòsí pé kí ó dúró díẹ̀. Ẹ yan àkókò tí ẹ ó máa dáhùn WhatsApp. Bí ó bá sì di dandan kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín, ẹ kọ ibi tí ẹ dé sórí ìwé ní ìlà kan ṣoṣo, bí kọ̀ǹpútà ti ń ṣe.

Ti ọ̀gá ló le jù, nítorí pé a kò fẹ́ kí wọ́n pè wá ní ọ̀lẹ tàbí aláfojúdi. Ẹ má kọ iṣẹ́ náà, ẹ béèrè ètò. Ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níwájú mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ parí fún yín?” Ìbéèrè yìí kò ní ìwọ̀sí nínú, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ rí ẹrù tó gbé léni lórí.

Bákan náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá bi yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bóyá ẹ lè ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀, ẹ dáhùn pé ẹ lè ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé: “Àwọn iṣẹ́ wo ni, ẹni mélòó ló sì ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀?”