Ẹjọ́ Tó Ti Fẹ́ Parí: Ìgbà Wo Ló Yẹ Kí Adájọ́ Sún Un Síwájú?

Ọ̀rọ̀ gbèsè kì í ṣe àjèjì sáwọn oníṣòwò Pleasure, lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, nílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tó ń ta irin, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹni tó ń ta oúnjẹ lápò lápò, agbára káká la fi lè rí èyí tí kì í tajà àwìn nínú wọn. Ìgbà tí oníbàárà bá kọ̀ tí kò sanwó, tọ́rọ̀ di ti kóòtù, ni oníṣòwò ń mọ̀ pé yàtọ̀ sí owó lọ́yà, àkókò ni ẹjọ́ ń jẹ jù.

Ká mú ẹni tó ń ta sìmẹ́ńtì ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà kan jẹ ẹ́ ní mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà, ó sì gbé e lọ sí kóòtù ní Ìkẹjà. Ọdún méjì ti kọjá. Àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀ ti sọ tẹnu wọn, ó ku kí olùjẹ́jọ́ sọ tiẹ̀ kí àwọn lọ́yà sì sọ ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni lọ́yà olùjẹ́jọ́ dìde, tó ní kí adájọ́ jọ̀wọ́ sún ẹjọ́ síwájú. Oníṣòwò ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó ti wọkọ̀ láti Pleasure, kò sì tíì tà kọ́bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé kí adájọ́ gbà ni, àbí kó kọ̀?

Kò sẹ́ni tí òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ rí ìsúnsíwájú gbà ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè. Ọwọ́ adájọ́ ni ìpinnu náà wà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Ohun méjì ni abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 so pọ̀: kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ kálukú láìṣe ojúsàájú, kí wọ́n sì gbọ́ ọ láàárín àkókò tó bójú mu. Ibi tí méjèèjì ti ń forí gbárí ni wàhálà wà.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ́dún 2002, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìdájọ́ kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Teinaz àti ìjọba ìbílẹ̀ Wandsworth, ní Lọ́ńdọ̀nù. Òṣìṣẹ́ kan mú ìwé dókítà wá pé ara òun kò yá tó láti wá sígbẹ̀ẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ náà kọ̀ láti sún un síwájú. Ilé-ẹjọ́ ní ẹni tí wíwá rẹ̀ ṣe pàtàkì, tí kò lè wá láìjẹ́ pé ó jẹ̀bi, ó yẹ kí wọ́n dúró dè é, bó ti wù kó nira tó fún ẹgbẹ́ kejì. Àmọ́ òun ni yóò fi ẹ̀rí gidi hàn pé òótọ́ ni àìsàn náà.

Fún oníṣòwò, ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Bí adájọ́ bá kọ̀ fẹ́ni tó ní ìdí gidi, ẹni tó jàre lónìí lè pàdánù lọ́la ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kí ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìfàsẹ́yìn náà ń pa ẹjọ́. Ẹjọ́ ilẹ̀ Èkó kan wà, ti Ariori àti Elemo, tó dé kóòtù lọ́dún 1960. Lọ́dún 1983, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ní kí wọ́n lọ tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ kọjá ààlà kí adájọ́ àkọ́kọ́ tó dá a. Lónìí, abala 294 ìwé òfin ní kí adájọ́ dájọ́ láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àsọkẹ́yìn.

Nítorí náà, ìbéèrè mélòó kan ló yẹ kí adájọ́ bi ara rẹ̀. Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ bá wọn lójijì ni, àbí wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ pípẹ́? Ṣé ẹ̀rí tí wọ́n fẹ́ wá mú wá lè yí ẹjọ́ padà? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti tọrọ bẹ́ẹ̀ rí? Ṣé owó ìtanràn lè dí àdánù ẹgbẹ́ kejì? Àìsàn òjijì, ikú lọ́yà, tàbí ìwé tuntun tí ẹgbẹ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ síta, ìdí gidi nìyẹn. Ẹni tó pààrọ̀ lọ́yà láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, tàbí tó ń wá rìsíìtì tó ti wà nílé rẹ̀ látọdún mẹ́ta, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀.

Ìjọba náà ti rí ìṣòro yìí. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ní, níbi tí ìgbẹ́jọ́ ojoojúmọ́ kò bá ti ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ gba ìsúnsíwájú ju ẹ̀ẹ̀marùn-ún lọ, kí àárín wọn má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14 lọ. Ní ti gbèsè, oṣù kẹrin ọdún 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó gbé Small Claims Court kalẹ̀ fún owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fi ṣe gbèdéke ẹjọ́ níbẹ̀. Oníṣòwò lè rojọ́ fúnra rẹ̀ láìgba lọ́yà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé béèrè owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ajigbèsè.

Kí oníṣòwò tọ́jú rìsíìtì, kó sì jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ síwèé nígbà tó bá gbọjà. Bí wọ́n bá tọrọ ìsúnsíwájú nígbà tẹ́jọ́ ti fẹ́ parí, kí lọ́yà rẹ̀ béèrè ẹ̀rí, kó béèrè owó ìnáwó ọjọ́ náà, kó sì bẹ adájọ́ pé kí ọjọ́ tuntun má jìnnà. Bí adájọ́ bá gbà, ó kéré tán, ẹni tó fa ìdádúró ni yóò sanwó rẹ̀.