Ilé ogún ní Abidjan: Kí ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó gba owó kíákíá lórí ilé tó ti ń sán?

Bàbá kan kúrò ní Ejigbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ó dé Abidjan, ó ṣòwò títí ó fi ra ilẹ̀ ní Treichville tàbí Adjamé. Ó kọ́ yàrá yí àgbàlá ká, irú ilé tí wọ́n ń pè ní "cour commune". Nígbà tí owó tún wọlé, ó gbé àjà kan lé e lórí láì gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Bàbá ti wá kú, ògiri ti ń sán, àwọn ọmọ sì wà káàkiri: Abidjan, Ejigbo, Èkó, Paris.

Irú ìtàn yìí kò ṣàjèjì sí àwọn ìdílé Yorùbá tó wà ní Côte d'Ivoire. Irú ilé bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni àwọn alárinà máa ń wá kiri. Ọ̀rọ̀ wọn kì í gùn: ẹ má yọ ara yín lẹ́nu àtúnṣe, owó wà nílẹ̀, ẹ kàn fọwọ́ síwèé.

Ẹ̀rù ló ń bá wọn tajà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ilé alájà wó pa èèyàn ní Treichville, kò sì pẹ́ tí òmíràn tún wó ní Bingerville. Lọ́dún 2024 ni katakata ìjọba wọ Gesco ní Yopougon àti Boribana ní Attécoubé, tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì di aláìnílé. Ẹni tó bá ti rí èyí lórí tẹlifíṣọ̀n, tó sì mọ̀ pé ilé bàbá òun kò níwèé, lè gba iye yòówù tí wọ́n bá pè fún un.

Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí i?

Ibí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àṣà Yorùbá, dáwódù tàbí àbúrò bàbá ló máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ogún, wọ́n sì lè pín in ní ìdí-igi, kí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan gba tiwọn. Òfin Côte d'Ivoire kò mọ ìdí-igi. Orí-ò-jorí ló mọ̀. Láti ọdún 1964 ni òfin ogún wọn ti sọ pé ọgbọọgba ni ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, àgbà àti kékeré. Òfin tuntun tó jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2019 náà sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yọ ìpín ìyàwó tó ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin ìjọba sílẹ̀.

Nítorí náà, ìpàdé ẹbí ní Ejigbo kò lè ta ilé Treichville. Gbogbo ajogún ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, tàbí kí ẹni tí kò sí nílé fi ìwé aṣojú tó bófin mu ránṣẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n bá dá nìkan tà á, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ló tà, ọmọ tí wọ́n fò dá sì lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Lọ́wọ́ kejì, kò sẹ́ni tí wọ́n lè fipá mú kó máa jùmọ̀ ní ilé títí ayé. Ẹni tó bá ti sú lè ní kí kóòtù pín in.

Ìwé ilẹ̀ ńkọ́?

Láti ìgbà tí òfin oṣù Keje ọdún 2013 ti jáde, ACD, ìyẹn Arrêté de Concession Définitive, ni ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó ni ilẹ̀ ìgboro. "Lettre d'attribution" tó wà nínú àpótí bàbá kò tó. Ẹ̀rù tó máa ń ba àwọn àjèjì nípa òfin ọdún 1998, tó ní ọmọ Côte d'Ivoire nìkan ló lè ni ilẹ̀ oko, kò kan ilẹ̀ ìgboro.

Ilẹ̀ yìí ni oníbàárà ń wò, kì í ṣe ògiri. Ó lè fẹ́ wó ilé náà ní ọ̀sẹ̀ tó bá rà á. Síbẹ̀, ó léwu kí àwọn ọmọ lọ kun ọ̀dà bo ibi tó sán. Òfin ní ẹni tó mọ àbùkù ohun tó ń tà, tó sì fi pamọ́, lè dá owó padà, kó sì tún san owó ìtanràn fún ẹni tó rà á. Ó sàn kí wọ́n ní kí LBTP, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ilé àti ọ̀nà wò, wá yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ohun tó bá rí sínú ìwé àdéhùn.

Ọ̀dọ̀ notaire ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ṣe ìwé náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni àpò owó tí wọ́n ń gbé wá ní alẹ́ kò bófin mu: òfin tó ń gbógun ti fífọ owó ìdọ̀tí sọ pé bí owó ilé bá ti dé gbèdéke kan, àfi kó gba báǹkì kọjá tàbí kó jẹ́ sọ̀wédowó.

Gbogbo èyí ń gba àsìkò. Ní àsìkò náà, àwọn ayálégbé ṣì ń sùn lábẹ́ àjà tí bàbá gbé lé e, wọ́n sì ń sanwó ilé lóṣooṣù. Bí ó bá wó nítorí àìtọ́jú tàbí nítorí pé wọn kò kọ́ ọ dáadáa, àwọn ajogún tó ni ín ni òfin máa di ẹ̀bi náà rù.