Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ike òfo ń di owó ní Jámánì

Bí ẹ bá ra omi oníke ní Jámánì, owó tí ẹ máa san ju owó omi lọ. Láti ọdún 2003 ni òfin ti ní kí wọ́n gba owó ìdógò lé e, sẹ́ǹtì 25 lórí ike kan. Owó yín kò sọnù o. Bí ẹ bá mu ún tán, ẹ ó dá ike náà padà sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó tì í sẹ́nu ẹ̀rọ kan. Ẹ̀rọ á yí i, á ka àmì ara rẹ̀, á tẹ rìsíìtì jáde, ẹ ó sì fi gbowó yín. (Ẹ má rún un o: bí àmì náà bá bàjẹ́, ẹ̀rọ lè máà gbà á.) Àwọn mìíràn a máa gbé tiwọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdalẹ̀sí, kí ẹni tó ń ṣa ike lè mú un láìtọwọ́ bọ ìdọ̀tí. Èyí wù mí púpọ̀.

Ní ti ọ̀rá, òfin Kẹ́ńyà le ní tirẹ̀. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2017, ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rá ìkẹ́rù tàbí tó ń tà á lè fẹ̀wọ̀n ọdún 4 jura.

Ní Èkó, ìjọba fòfin de abọ́ fóòmù ní 2024. Ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣì kún gọ́tà. Lójú tèmi, bí owó ìdógò náírà díẹ̀ bá wà lórí ike tàbí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, àwọn tó ń ṣà á ní títì wa á rí owó gidi nídìí rẹ̀.