AJÁ TÓ Ń GBÓ ṢÁÁ: Ẹ MÁ LÙ Ú, Ẹ KỌ́ Ọ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àgbàdo, kì í sì í ṣe ti kòkó. Ọ̀rọ̀ ajá ni.

Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ ìwúlò ajá. Òun ló ń lé ọ̀bọ kúrò nínú oko. Òun ló ń jí wa tí olè bá fẹ́ kó kòkó tí a sá sílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ajá tó ń gbó ṣáá, tó ń gbó mọ́ ewúrẹ́, tó ń gbó mọ́ ọ̀kadà, tó ń gbó mọ́ ewé tí atẹ́gùn ń fẹ́. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ilé á dìde. Lọ́jọ́ kejì, baálé nìkan ló máa yọjú. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹwàá, kò sẹ́ni tó máa dìde mọ́. Òru ọjọ́ tí olè bá wá gan-an, ajá á gbó, àwa á yí ara padà lórí ẹní, a ó ní, "Ìṣe rẹ̀ náà nìyẹn." Ilẹ̀ á mọ́, kòkó ò sí mọ́. Ajá tó ń gbó mọ́ ohun gbogbo kò yàtọ̀ sí ajá tí kò lè gbó.

Ti aládùúgbò tún wà níbẹ̀. Á wá láàárọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ajá yín ò jẹ́ kí ìyàwó mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ rí oorun sùn." A ó ní, "Ẹ má bínú, mo ti lù ú títí, kò gbọ́ ni." Bí ọ̀rọ̀ náà bá pẹ́ nílẹ̀, ìjà ni yóò dà. Àwọn ẹlòmíì tiẹ̀ ń po oògùn kòkòrò mọ́ ẹran, wọ́n á jù ú sílẹ̀ fún ajá. Ajá á kú, adìẹ tó bá ṣa nínú rẹ̀ á kú, ọmọdé tó bá fọwọ́ kàn án wà nínú ewu. Kó má di bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí.

KÍ LÓ Ń MÚ AJÁ GBÓ?

Ajá kì í gbó láìnídìí. Ó lè rí àlejò. Ẹ̀rù lè máa bà á. Ebi lè máa pa á, eégbọn lè máa jẹ ẹ́ lára, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ tí gbogbo nǹkan sì ti sú u. Àmọ́ ìdí kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò fura sí: gbígbó yẹn ń mú èrè wá fún un. Ẹ wò ó:

1. Ẹni tó ń kọjá lọ́nà ń lọ síbi tó ń lọ ni. Ajá gbó mọ́ ọn, ẹni náà sì kọjá. Ajá gbà pé òun lòun lé e lọ. Lọ́la á tún gbó.

2. A pariwo láti inú ilé pé, "Dákẹ́ níbẹ̀ yẹn!" Ta ló kọ́ ajá ní ìtumọ̀ "dákẹ́"? Lójú tirẹ̀, olówó òun náà ti ń bá òun gbó ni.

3. A ju òkèlè sí i kó lè pa ẹnu mọ́. Àṣé owó iṣẹ́ gbígbó la san fún un yẹn.

Ìgbà tí ajá bá dákẹ́ jẹ́ẹ́ ńkọ́? A kì í wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Gbígbó ń mú èrè wá, dídákẹ́ kò mú nǹkan kan wá. Ohun tó yẹ ká ṣe ni pé ká yí i padà, ká máa sanwó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fún un.

KÌ Í ṢE Ọ̀NÀ TUNTUN

Àwọn ọdẹ wa mọ̀ ọ́n. Ọdẹ tó mọṣẹ́, tí ajá bá bá a lé ẹran tó sì rí i pa, á fún ajá ní ìpín tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ajá fi máa ń sáré ṣíwájú lọ́jọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá ń rò pé ajá tiyín ò lè gbẹ́kọ̀ọ́, ẹ wo òkété. Ní Morogoro, lórílẹ̀-èdè Tanzania, àjọ kan tó ń jẹ́ APOPO ń kọ́ òkété, ìbátan èyí tí à ń dẹ pàkúté fún lóko, kó máa gbóòórùn àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Wọn kì í lù wọ́n. Bí òkété bá ti mọ ibi tí òórùn náà wà, wọ́n á dún ohun kékeré kan létí rẹ̀, wọ́n á sì fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà lójú ẹsẹ̀. Òkan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Cambodia, ó sì bá wọn rí ohun abúgbàmù tó lé ní 100 kó tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2021. Lọ́dún 2020, ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ẹranko nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ góòlù. Oúnjẹ wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Tí òkété bá gbọ́, ajá á gbọ́.

KÍ Ẹ TÓ BẸ̀RẸ̀

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ajá ń fẹ́. Ajá tí ebi ń pa, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ tó bá ń gbó. Ẹ fún un lóúnjẹ àti omi lásìkò, ẹ ṣa eégbọn ara rẹ̀, ẹ fún un ní oògùn aràn, ẹ máa tú u sílẹ̀ kó rìn. Bó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà lẹ so ó sí, ẹ gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, tàbí kí ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà bo ojú rẹ̀. Ohun tí kò bá rí, kò ní gbó mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá nǹkan tó fẹ́ràn: edé gbígbẹ, orí ẹja tàbí ẹran. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ àgbàdo. Kò ní ná yín lówó púpọ̀.

Ẹ má ṣe fún un ní kòkó tàbí ṣokoléètì o! Ohun kan wà nínú kòkó tó jẹ́ májèlé fún ajá. Ajá tó bá ń ṣọ́ kòkó tí a sá, òkèèrè ni kí ẹ so ó sí, ibi tí ẹnu rẹ̀ ò ti ní dé e. Àlùbọ́sà àti eegun adìẹ sísè náà ò dára fún un.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ Ọ

1. Ẹ mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí "Ó tó!" Bàbá, ìyá, ọmọ, gbogbo ilé, ọ̀rọ̀ yẹn náà ni kí wọ́n máa lò. Bí ọ̀kan bá ń wí "Dákẹ́," tí èkejì ń wí "Ṣé o ò gbọ́ ni," ajá ò ní mọ èyí tí yóò gbọ́.

2. Ọ̀sán ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kó tó jẹun. Ẹ ní kí ẹnì kan máa kọjá ní òkèèrè. Bí ajá bá ti gbó ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta, ẹ sọ pé, "Ó tó!" pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo. Ẹ gbé edé sún mọ́ imú rẹ̀. Bó bá ti ń gbóòórùn rẹ̀, kò ní gbó.

3. Ní gbàrà tó bá dákẹ́, ẹ ka ení, èjì, kí ẹ fún un, kí ẹ sì yìn ín. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bí ẹ bá wọlé lọ wá edé kí ẹ tó padà dé, ajá ti gbàgbé ohun tó ṣe.

4. Ẹ máa fi kún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kà dé 5, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 20 kí ẹ tó fún un. Bó bá gbó kó tó pé, ẹ káwọ́ padà, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti iye tó kéré. Èyí ṣe pàtàkì, torí ajá ọlọ́gbọ́n lè máa gbó kó lè gba edé. Ẹ máa fún un nígbà tó bá rí èèyàn tí kò tiẹ̀ gbó rárá pẹ̀lú.

5. Bó bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ máa sọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo, kí edé wà nínú àpò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń kọjá sún mọ́ tòsí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kadà kọjá.

6. Ẹ máa dín edé kù nígbà tó bá yá. Lónìí edé, lọ́la ẹ fọwọ́ pa á lórí. Ẹ má kàn dá a dúró lójijì.

Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, ti tó. Ẹ̀kọ́ náà lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣíwọ́ jíju òkèlè sí i, ó lè gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá gbà fún un lọ́jọ́ yẹn, ẹ ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá gbó pẹ́ ló ń jèrè. Ẹ mú sùúrù.

ṢÉ KÒ NÍ JẸ́ KÍ OLÈ WỌLÉ?

Ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ máa ń béèrè nìyí. Rárá o. A ò ní kí ajá má gbó. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kó gbó díẹ̀, kó pe olówó rẹ̀, kó sì dákẹ́ nígbà tí olówó bá ní ó tó. Bó bá gbó lóru, ẹ dìde, ẹ tan iná, ẹ wo ìta. Bí ewúrẹ́ ni, ẹ ní, "Ó tó." Bí olè ni, ẹ má sọ ọ́. Ẹnu yín ni ọ̀rọ̀ náà wà.

OHUN TÍ Ẹ Ò GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má fi pàṣán kọ́ ọ. Ẹ̀rù ni yóò kọ́, ẹ̀rù sì ń mú ajá bu èèyàn jẹ. Ajá tí wọ́n lù títí tí kò lè kùn mọ́, ọjọ́ kan ni yóò bu èèyàn jẹ láìkìlọ̀. Ẹ má fi okùn di ẹnu rẹ̀. Ẹnu ni ajá fi ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ara rẹ̀ lè tutù, ooru lè pa á.

BÍ KÒ BÁ ṢE GBÍGBÓ LÁSÁN

Bí ajá bá ṣàdédé yí ìwà padà, tí ohùn rẹ̀ há, tí itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí kò lè gbé nǹkan mì, kì í ṣe ẹ̀kọ́ ló ń fẹ́. Ẹ má sún mọ́ ọn, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ajá sínwín tó, á mọ ojú olówó rẹ̀. Àmọ́ ajá tí dìgbòlugi mú lè bu olówó rẹ̀ jẹ. Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń yè é. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá yín bó bá pé oṣù 3, kí ẹ sì máa tún un gbà lọ́dọọdún lọ́dọ̀ dókítà ẹran.

Ní ìparí, ẹ rántí aládùúgbò tó ń bínú. Òun gan-an ni kí ẹ bẹ̀ pé kó wá bá yín ṣe ẹni tó ń kọjá. Ẹ fún un ní edé díẹ̀ dání, kó máa fún ajá bó bá dákẹ́. Kó tó pẹ́, ajá ò ní gbó mọ́ ọn mọ́, òun náà ò sì ní wá ẹjọ́ rò láàárọ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ yìí bá rú yín lójú nínú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ADP tó ń bẹ oko yín wò.

Ọ̀gbìn yín á jèrè o.