Ṣé Ọlọ́run Kan Náà Ni Gbogbo Wa Ń Sìn?

Nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, onígbàgbọ́ ni ìyá, Mùsùlùmí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá dé, àgbà kan á ní: “Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn.” Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lè bi wá léèrè pé: “Kí ni a wá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún?”

Lóòótọ́, orúkọ kan náà ni a ń pè. “Ọlọ́run” ti wà lẹ́nu àwọn baba wa kí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó lò ó nínú Bíbélì Yorùbá. Àwọn onígbàgbọ́ Lárúbáwá pàápàá, “Allah” ni wọ́n ń pè é. Ìjà wa kì í ṣe ti orúkọ.

Jésù ni ibi tí ọ̀nà ti pín. Kùránì, ní Súrà 112, ní Ọlọ́run kò bímọ. Ìyìn rere ní ó fi Ọmọ rẹ̀ fún wa (Jòhánù 3:16). Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò bára mu.

Pọ́ọ̀lù kò bú àwọn ará Áténì. Láti orí pẹpẹ Ọlọ́run tí wọn kò mọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà dé orí ẹni tí ó jíǹde (Ìṣe 17:22–31). Ẹ kí ẹ̀gbọ́n yín kú ọdún, ẹ má bú ẹ̀sìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi Jésù pamọ́ fún un, ẹ má sì fi pamọ́ fún ọmọ yín.

Kí Olúwa fún wa ní ìfẹ́ àti ìgboyà. Àmín.